Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Àmì Ipò Tó Yẹ Yín Nínú Ẹgbẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kò mọ ẹni tó ti pẹ́, kò mọ ẹni tó dé lánàá, kò sì mọ ẹni tí òun lè bi ní ìbéèrè láìjẹ́ pé onítọ̀hún jágbe mọ́ òun. Ohun tó máa wò ni ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kálukú: Ádímìn, Olùkọ́, Olùtúmọ̀, Ọmọ Ẹgbẹ́ Tuntun. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa fi pinnu ẹni tó máa gbà gbọ́, ẹni tó máa sáré bá nígbà ìṣòro, àti ẹni tó máa fi ẹjọ́ sùn.

Nítorí náà, ìlérí ni mo ka àmì ipò sí. Bí ẹ bá ti fi í sí ara orúkọ yín, ẹ ti sọ fún àwọn tí ẹ kò rí rí pé irú nǹkan báyìí ni kí wọ́n wá bá yín fún. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa bi ara yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni bóyá ẹ lè mú ìlérí yẹn ṣẹ, títí kan ọjọ́ tó bá rẹ̀ yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń fúnni ní àmì náà

Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó máa ronú ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kọ, ẹ wo bí àmì ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ yẹn, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín.

Àmì kan wà tó máa ń bá àṣẹ rìn. Lórí Discord, níbi tí wọ́n ti ń pe àyè ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní sáfà, àwọn tó ni sáfà ló ń dá ipò sílẹ̀, ipò kọ̀ọ̀kan sì lè ní àṣẹ tirẹ̀: láti pa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rẹ́, láti lé ènìyàn jáde, láti ṣí yàrá ọ̀rọ̀ tuntun. Ẹnì kan lè ní ipò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọ̀ tí orúkọ rẹ̀ máa ní yóò sì wá láti ara ipò tó ga jù nínú àwọn tó ní àwọ̀. Ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ipò tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ẹwà lásán lè ní àwọ̀ tó jọ ti àwọn aláṣẹ, àlejò kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Lórí Telegram, a lè kọ àkọlé fún ádímìn ní àyè tí kò ju ìwọ̀n lẹ́tà 16 lọ. Àkọlé yẹn fúnra rẹ̀ kò fi àṣẹ kankan kún èyí tó ní. A lè pe ẹnì kan ní "Olórí" kó má lè pa ọ̀rọ̀ ẹyọ kan rẹ́, ká sì pe ẹlòmíràn ní "Ọ̀rẹ́ Wa" kó jẹ́ òun ló ní gbogbo àṣẹ.

Àmì kejì, ẹ̀rọ ló ń ṣírò rẹ̀. GitHub, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti jọ ń ṣiṣẹ́, fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ "Contributor" (ẹni tó dá sí iṣẹ́) sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wọ inú iṣẹ́ àkànṣe kan. Kò sí ibi tí ẹ ti máa tọrọ rẹ̀. Lórí Wikipedia ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, àkáǹtì tó bá ti pé ọjọ́ 4, tó sì ti ṣe àtúnṣe 10, yóò kúrò nípò ẹni tuntun, yóò sì ní àwọn àǹfààní kan tí àkáǹtì tuntun kò ní. Irú àmì báyìí, iṣẹ́ nìkan ló ń mú un wá.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹ máa fọwọ́ ara yín kọ. Lórí Reddit, ìkànnì tó pín sí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké, àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu bóyá ọmọ ẹgbẹ́ lè kọ àmì tó wù ú sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ tàbí kó mú ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n ti tò sílẹ̀. Èyí ni òmìnira pọ̀ sí jù, òun náà ni ìtọ́sọ́nà yìí sì wà fún ní pàtàkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí mo fẹ́ sọ kan ẹni tí wọ́n bá fi oyè lọ̀ pẹ̀lú.

Ẹ ṣí ibi ètò àkáǹtì yín, ẹ wo àyè tó wà. Lẹ́yìn náà, ẹ ka òfin ẹgbẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òkè. Bí kò bá yé yín bóyá àmì kan ní àṣẹ nínú tàbí kò ní, ẹ bi alábòójútó. Ó sàn kí ẹ béèrè ju kí ẹ wọ aṣọ aláṣẹ láìmọ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín kí ẹ tó wo ọ̀rọ̀

Ẹ padà lọ ka nǹkan bí ogún tàbí ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ kẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹ má ṣe rántí wọn lórí, ẹ ṣí wọn kí ẹ kà wọ́n, torí ohun tí a rò pé à ń ṣe àti ohun tí à ń ṣe gan-an kì í sábà dọ́gba. Ṣé ìbéèrè ni ẹ máa ń dáhùn jù? Ṣé ẹ̀yin ni ẹ máa ń kí àwọn tuntun káàbọ̀? Ṣé àṣìṣe inú ètò kọ̀ǹpútà ni ẹ máa ń wá jáde? Àbí ẹ kì í sọ̀rọ̀ rárá, ẹ kàn máa ń kà?

Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń kà, kò sí ohun ìtìjú nínú rẹ̀. Ní ọdún 2006, Jakob Nielsen, tó ń ṣe ìwádìí lórí bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀wé pé nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ báyìí, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún kàn ń kà ni, ìdá 9 ń dá sí ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá 1 ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ìṣirò àfojúbù ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bójú tó ẹgbẹ́ rí yóò rí òótọ́ inú rẹ̀. Àmì bíi "Òǹkàwé" tàbí "Mò Ń Kọ́ṣẹ́" bójú mu gan-an fún ẹni tó wà nínú ìdá 90 yẹn. Ó tún ní àǹfààní kan: bí ẹ bá béèrè ohun tó dà bí èyí tó rọrùn, àwọn ènìyàn yóò dá yín lóhùn pẹ̀lú sùúrù, torí wọ́n ti mọ ibi tí ẹ dé.

Iṣẹ́ tí ẹ rí pé ẹ ń ṣe lóòótọ́ ni kí ẹ fi sílẹ̀ bí ìpìlẹ̀. Ìdánwò mi fún un kò le: bí ẹnì kan bá bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tí wọ́n mọ̀ yín pé "Kí ni lágbájá máa ń ṣe níbí?", ṣé ìdáhùn wọn máa sún mọ́ àmì yín?

Ẹ kọ ìbéèrè tí àlejò máa bi yín

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fò kọjá.

Ẹ mú ìwé, ẹ kọ àmì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń wù yín. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìbéèrè tí ẹni tí kò mọ̀ yín rí máa bi yín lẹ́yìn tó bá ti kà á. Ẹ kọ ọ́ bí onítọ̀hún ṣe máa kọ ọ́ gan-an.

Ká ní ẹnì kan wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ ètò kọ̀ǹpútà, tó mọ èdè Python díẹ̀, tó sì máa ń ran àwọn tuntun lọ́wọ́ láti gbé e sórí ẹ̀rọ wọn. Àmì àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn ni "Onímọ̀ Python". Àlejò máa béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ètò tí mo kọ fún ilé-iṣẹ́ mi ń jẹ gbogbo àyè orí kọ̀ǹpútà ńlá wa, kí ni kí n ṣe?" Kò ní lè dáhùn. Ó gbìyànjú "Olùrànlọ́wọ́". Àlejò máa béèrè ohun gbogbo, láti orí ọ̀rọ̀ aṣínà tó gbàgbé dé orí ìjà tó wà láàárín òun àti ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn, torí "Olùrànlọ́wọ́" kò sọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ náà mọ. Ó wá kọ "Ìrànlọ́wọ́ fún Ẹni Tuntun: Python". Àlejò máa béèrè pé: "Mo gbé Python sórí ẹ̀rọ mi, kò ṣiṣẹ́, ibo ni mo ti ṣì í?" Èyí gan-an ni ohun tó mọ̀, tó sì ń ṣe tayọ̀tayọ̀. Àmì rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé àmì tó kẹ́yìn yìí ló kéré jù ní iyì, òun ló sì wúlò jù. Lójú tèmi, àmì tó sọ ibi tí iṣẹ́ mọ níyì ju èyí tó ga lọ. Mi ò fẹ́ràn "Ọ̀gá", "Àgbà Onímọ̀" àti irú wọn tí ènìyàn bá fúnra rẹ̀ kọ ọ́. Wọn kò sọ ohun tí a lè wá bá yín fún, wọ́n sì máa ń mú kí àwọn mìíràn wá dán yín wò.

Ẹ tún fi ìwọ̀n àkókò yín sí i. Ìbéèrè kan lójoojúmọ́ kò wúwo. Mẹ́wàá lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta wúwo. Bí àmì kan bá máa fa ìbéèrè ju èyí tí ẹ ní àyè fún lọ, ẹ dín in kù, tàbí kí ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún àlàyé ara yín nípa ìgbà tí ẹ máa ń wà. Ẹni tó béèrè tí a kò dá lóhùn máa ń rò pé òun ló ṣe ohun tí kò tọ́. Ẹlòmíràn kò ní béèrè mọ́ láéláé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára.

Bó bá jẹ́ àmì ìmọ̀ tàbí ti iṣẹ́ òòjọ́

Dókítà, agbẹjọ́rò, ọ̀jọ̀gbọ́n, onímọ̀ ẹ̀rọ: àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yàtọ̀. Ẹni tó bá kà wọ́n lè gbé ìgbésẹ̀ lórí ìlera rẹ̀ tàbí owó rẹ̀ nítorí ohun tí ẹ sọ. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pẹ̀lú, òfin ló ń sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ara rẹ̀ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì kò sì yọ ènìyàn kúrò lábẹ́ òfin yẹn. Bí ẹ bá ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, ẹ kọ "Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Ìṣègùn". Bí ẹ bá ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ kọ pé ẹ ti ṣe é rí.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mo máa ń rántí nípa èyí. Ní oṣù keje ọdún 2006, ìwé ìròyìn The New Yorker gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nípa Wikipedia, wọ́n sì sọ̀rọ̀ nípa alátùn-únṣe kan tó ń lo orúkọ Essjay. Wọ́n kọ ọ́ bó ṣe pe ara rẹ̀: ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀sìn ní yunifásítì aládàáni, tó ní oyè ọ̀mọ̀wé. Nígbà tó di ọdún 2007, ó hàn sí gbogbo ayé pé ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 24 ni, kò sì ní oyè gíga kankan. Ó fi Wikipedia sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún náà. Ohun tó dùn mí nínú rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ kára ni lóòótọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fọkàn tán an débi pé wọ́n ti fi í ṣe ádímìn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti tó láti gbé e dúró, ṣùgbọ́n ó ti fi oyè tí kò ní borí àríyànjiyàn rí, nígbà tí oyè náà sì wó, ó wó lé iṣẹ́ rere náà lórí.

Ẹgbẹ́ mìíràn ti rí ọ̀nà tó dára gbé e gbà. Nínú AskHistorians tó wà lórí Reddit, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n kọ ẹ̀ka ìmọ̀ ìtàn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ òun yóò kọ́kọ́ kó ìdáhùn tó ti kọ nínú ẹgbẹ́ náà wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara yín níbi tí kò ti sí irú òfin yìí: kí ẹ tó kọ ẹ̀ka ìmọ̀ kan, ẹ rí i dájú pé ìdáhùn tó jinlẹ̀ lórí rẹ̀ ti wà nílẹ̀ lábẹ́ orúkọ yín, tí ẹ lè nawọ́ sí bí ẹnì kan bá béèrè.

Bó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ọjà rẹ̀ ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ sọ ọ́ jáde. Ẹni tó ń yin ọjà tó sì fi pa mọ́ pé òun ń gbowó oṣù níbẹ̀ ti tan àwọn òǹkàwé jẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi orúkọ ilé-iṣẹ́ sí àmì, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá yín bóyá wọ́n gbà á láyè, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àlàyé ara yín pé èrò tiyín ni ẹ ń sọ, bí kò bá jẹ́ pé wọ́n rán yín.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ẹ sún mọ́

Ẹ má ṣe kọ "Ádímìn", "Alábòójútó", "Ẹ̀ka Ìrànlọ́wọ́" tàbí ohunkóhun tó jọ ọ́ bí wọn kò bá fi yín síbẹ̀, ì báà jẹ́ eré. Àwọn oníjìbìtì máa ń lo irú orúkọ wọ̀nyí láti gba ọ̀rọ̀ aṣínà àti owó lọ́wọ́ àwọn tuntun. Níbi tí wọ́n bá ti mójú tó ẹgbẹ́ dáadáa, wọ́n lè lé yín jáde kí ẹ tó ṣàlàyé. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ádímìn wá bá ní ìkọ̀kọ̀, ẹ lọ wo orúkọ rẹ̀ nínú ojúlówó àkọsílẹ̀ àwọn ádímìn. Ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ ṣọ́ ohun tí àmì ń tú síta pẹ̀lú. "Nọ́ọ̀sì" nìkan kò fi ẹni tí ẹ jẹ́ hàn. Bí ẹ bá wá fi ìlú yín sí i, àti ilé ìwòsàn, àti àkókò tí ẹ máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó bá ní ète búburú ti mọ ibi tí ẹ wà àti ìgbà tí ilé yín ṣófo. Bí ẹ bá ń lo orúkọ kan náà káàkiri, ó lè kó díẹ̀díẹ̀ tó wà níbi kọ̀ọ̀kan jọ. Ohun tí ẹgbẹ́ yẹn nílò láti mọ̀ nìkan ni kí ẹ kọ. Fún ọmọdé, ẹ má fi ọjọ́ orí tàbí ilé ẹ̀kọ́ sí i rárá.

Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́

Ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó ni kó ṣíwájú, torí ojú fóònù máa ń gé ìparí kúrò. "Olùtúmọ̀, ìwé ìtọ́sọ́nà" sàn ju "Ọ̀kan lára àwọn tó ń bá ẹgbẹ́ túmọ̀ ìwé" lọ.

Ẹni tó bá ń kọ èdè wa pẹ̀lú àmì ohùn ní láti mọ nǹkan kan. Lójú ẹ̀rọ, lẹ́tà tó ní ẹsẹ̀ àti àmì ohùn lẹ́ẹ̀kan náà, bíi "ọ́", kì í ṣe ẹyọ kan. Ó kéré tán, méjì ni. "Olùrànlọ́wọ́" tí ojú wa rí bíi lẹ́tà 10 lè gba àyè 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí àyè kò ti ju 16 lọ, ìyàtọ̀ yẹn tó láti gé ọ̀rọ̀ yín sí méjì. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tó kúrú, kí ẹ má yọ àmì ohùn kúrò.

Nípa èmójì: ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè fún àwọn tí kò ríran máa ń pe orúkọ èmójì kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìgbà tí orúkọ yín bá jáde. Ẹyọ kan lè ṣeé gbà. Márùn-ún ń fìyà jẹ ẹni tó ń gbọ́.

Lórí Discord, ẹ tún wò ó bóyá ipò tí ẹ fẹ́ mú jẹ́ èyí tí wọ́n lè pè lápapọ̀. Bí ẹnì kan bá pe ipò náà, gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni fóònù wọn lè dún. Bí ẹ bá fẹ́ sùn dáadáa, ẹ tún ètò ìfitónilétí ṣe kí ẹ tó gbà á.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yàn án

Ẹ lò ó fún oṣù kan, kí ẹ sì wo ìbéèrè tó ń wọlé. Bí wọ́n bá jọ èyí tí ẹ kọ sórí ìwé níjọ́sí, ó dára. Bí wọ́n bá ń béèrè ohun mìíràn lemọ́lemọ́, àmì yín ń sọ ohun tí ẹ kò rò. Ẹ yí ọ̀rọ̀ kan padà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, kí ẹ lè mọ èyí tó fà á. Ẹ má ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí àwọn tó mọ̀ yín tẹ́lẹ̀ kò ní mọ ibi tí wọ́n ti máa bá yín.

Bí iṣẹ́ bá pọ̀ tàbí ọkàn yín bá kúrò níbẹ̀, ẹ yọ àmì náà. Kò pọn dandan kí ẹ ṣàlàyé gígùn. Ẹni tí àmì rẹ̀ kò bá àṣẹ rìn lè yọ ọ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tó ní àṣẹ gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn ádímìn tó kù kí wọ́n gba àṣẹ náà padà, torí àkáǹtì aláṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò bójú tó mọ́ ni olè máa ń wá. Títí di ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á, ẹ fi ìdánimọ̀ onígbèésẹ̀ méjì, tó máa ń béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà, sí àkáǹtì yín. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ orúkọ ẹni tí àwọn àlejò lè bá dípò yín sínú àlàyé ara yín, lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún tó sì gbà.